Èdídí Abẹ́ Jíìpù Kim Loi

Ìyàwó mi, Mariayee, á sọ fún yín pé alágídí ni mí, pé tí mo bá ṣẹ̀, ẹni tí mo máa jágbe mọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Kò parọ́ mọ́ mi. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ jíìpù Kim Loi yìí, mo wá ẹni tí mo máa jágbe mọ́ títí, mi ò rí.

Jíìpù náà ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta. Tèmi náà ò kéré sí i. Lórí òkè wa níbí, a kì í ju irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nù, torí pé tí òjò bá ti dé, kò sí òmíràn tó lè gbé kábéèjì gba ọ̀nà oko wa kọjá. Àwa mẹ́rìnlá la ní irú rẹ̀ láti ìlú Ringlet títí dé ìlú Brinchang, a sì ní òfin kan. Tí ọkọ̀ ẹnì kan bá dẹnu kọlẹ̀, tó bá ti di Sọ́ńdè, gbogbo wa á gbé irinṣẹ́ wa lọ bá a, a ò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ọkọ̀ náà á fi dá gun òkè fúnra rẹ̀. Ìdajì irin tó wà lára tèmi, ara ọkọ̀ ẹlòmíràn ló ti wá. Pak Sudin, tó dàgbà jù nínú wa, máa ń sọ pé tí gbogbo ẹni tó ni jíìpù mi bá wá gba tiwọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, orí ìjókòó ni mo máa bá ara mi nínú ẹrẹ̀.

Lóṣù kẹta, Kim Loi, ọ̀kan nínú wa, sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú Ipoh kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni irin tó ń yí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ mi dá, kábéèjì tí mo ti gé sì wà ní òdìkejì odò Telom. Mo lọ bá Moy Chin, ìyàwó rẹ̀. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi na kọ́kọ́rọ́ sí mi. "Anè, tí ẹ bá sọdá odò tán, ẹ má gbàgbé èdídí o." Anè, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, ni òun àti ọkọ rẹ̀ máa ń pè mí, torí pé mo fi ọdún mẹ́fà ju Kim Loi lọ. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní kó tó wọlé ọkọ ni mo ti ń sùn sábẹ́ jíìpù.

Ihò kékeré kan wà lábẹ́ ọkọ̀ wọ̀nyí, níbi tí ẹ́ńjìnì àti gíà ti pàdé. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì tó bá jò ń gbà kán sílẹ̀, kó má baà dé ara kílọ́ọ̀ṣì, awo tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sí táyà. Tí èèyàn bá fẹ́ wọ odò tó jìn, á fi èdídí onírin dí ihò náà kí omi má wọlé. Tó bá sọdá tán, á yọ ọ́. Tó bá gbàgbé, ọ́ìlì á máa pọ̀ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí kílọ́ọ̀ṣì á fi mu ún yó, lọ́jọ́ náà ẹ́ńjìnì á máa ké, táyà ò ní yí.

Mo fi èdídí sí i. Mo sọdá odò lẹ́ẹ̀mejì. Òjò ń rọ̀, ebi ń pa mí, mo dá ọkọ̀ padà láìwo abẹ́ rẹ̀. Moy Chin bi mí bóyá mo ti yọ ọ́. Mo ní mo ti yọ ọ́. Mo rò pé màá padà wá ṣe é lọ́la, ọ̀la sì dé pẹ̀lú wàhálà tirẹ̀.

Lóṣù karùn-ún, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Moy Chin ṣubú láàárín tòmátì, kò sì lè gbé apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mọ́. Kim Loi gbé e sínú jíìpù. Nígbà tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn odò, tí omi rẹ̀ ti fà débi tí kò gba èdídí mọ́, ẹ́ńjìnì ké, táyà dúró. Ó gbìyànjú títí òórùn ohun tó ń jóná fi gba gbogbo ibẹ̀. Àwọn ará abúlé Semai, ìran tó ti wà nínú igbó yìí ṣáájú gbogbo wa, ló gé ọparun, tí wọ́n fi ṣe àkéte, tí wọ́n sì gbé obìnrin náà rìn fún wákàtí méjì. Ó ti kú kí wọ́n tó dé ojú títì.

Níbi òkú ni Pak Sudin ti béèrè ohun tó ṣe ọkọ̀ náà. Kim Loi ṣàlàyé. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé èdídí tí mi ò yọ ni. Ṣùgbọ́n Kim Loi ti ní àlàyé tirẹ̀. Ó ní lọ́dún tó kọjá, òun ò fẹ́ yọ wá lẹ́nu, òun nìkan ni òun pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì àti róbà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, òun ò sì fi róbà náà sí i dáadáa. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí wa. "Ọwọ́ yìí ló pa á."

Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ ọ́ fún. Ó kó adìẹ rẹ̀ fún aládùúgbò, ó ní òun máa lọ bá ọmọ òun ní Ipoh, òun ò ní dá oko mọ́. Kì í jẹun. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo ń gbé ìrẹsì rírọ̀ tí Mariayee bá sè lọ fún un. Màá jókòó síwájú rẹ̀, á sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀ yẹn, èmi á ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, kó jẹun. Ohun tí ẹnu mi lè sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn oṣù kan, Pak Sudin ní ká lọ tún jíìpù náà ṣe níbi tó dúró sí. Èdídí yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí, Kim Loi á sì béèrè ẹni tó yá ọkọ̀ náà. Nítorí náà, ní ọ̀sán Tọ́sìdeè, mo dá lọ. Mo sùn sínú ẹrẹ̀, mo fi sípánà tú èdídí náà. Ọ́ìlì dúdú tú jáde sí mi lápá, ó tó agolo mílíìkì kan. Obìnrin Semai kan tó ru ẹ̀gẹ́ ń kọjá, ó bi mí bóyá mo ti tún un ṣe tán. Mo ní ó kù díẹ̀. Mo ki èdídí náà bọ àpò ṣòkòtò.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, àwa mọ́kànlá la wá. A tú ìjókòó, a tú ilẹ̀ ọkọ̀, a fa gíà sẹ́yìn. Pak Sudin yọ kílọ́ọ̀ṣì, ọ́ìlì sì ń kán lára rẹ̀. Ó ki ìka bọ ihò abẹ́ ọkọ̀, ó tún kì í bọ̀ ọ́.

"Ihò yìí ṣí sílẹ̀," ló wí. "Ó yẹ kí ọ́ìlì máa gbabẹ̀ jáde. Báwo ló ṣe dé orí kílọ́ọ̀ṣì?"

Kim Loi jókòó lórí òkúta, aṣọ dúdú ọ̀fọ̀ wà lápá rẹ̀. "Ẹ má wádìí mọ́, Pak. Mo ti sọ fún yín. Èmi ni mo fi róbà yẹn síbẹ̀."

Ẹnì kan fẹ́ tù ú nínú, ó ní kò sí ọwọ́ tí kì í ṣàṣìṣe. Àwọn yòókù mi orí. Mo wá rí i pé láti ọjọ́ yẹn lọ, àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ fúnra wa la máa jẹ́rìí sí i pé ọwọ́ Kim Loi ló pa ìyàwó rẹ̀.

"Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀," mo wí. Mo yọ èdídí náà lápò, mo gbé e sórí ìjókòó tí a tú sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ pé Moy Chin bi mí, mo sì parọ́ fún un.

Kim Loi dìde, ó mú èdídí náà, ó wò ó.

"Ìgbà wo lẹ yọ ọ́?"

"Tọ́sìdeè."

Kò pè mí ní Anè mọ́. "Arokiam, ẹnikẹ́ni lè gbàgbé. Èmi náà ti gbàgbé rí, Moy Chin ló rán mi létí. Ṣùgbọ́n oṣù kan gbáko lo fi jókòó síwájú mi. Ò ń gbọ́ tí mò ń pe ara mi ní apààyàn, ò ń ní kí n jẹun."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ mi jọ. Pak Sudin ní kí n gbé e sílẹ̀, pé ọkọ̀ ò tíì gun òkè. Ó tú ìwé ìròyìn kúrò lára kílọ́ọ̀ṣì tó ti ń tọ́jú fún ara rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ó fi í sí i. Gíà wúwo. Kim Loi di ẹ̀gbẹ́ kan mú, èmi di èkejì, a gbé e padà sípò rẹ̀ láìwo ojú ara wa. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, jíìpù náà gun òkè, Kim Loi ló sì wà á.

Kim Loi ò lọ sí Ipoh mọ́. Ó ti gbin kábéèjì. Aládùúgbò rẹ̀ sọ fún mi pé ó ti ń jẹun, pé kò sọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Tí a bá pàdé lójú ọ̀nà, iwájú ló ń wò.

Lóṣù kẹsàn-án, ẹ́ńjìnì tèmi dákẹ́. Mo bẹ Pak Sudin pé kó má pe gbogbo èèyàn. Ọjọ́ Sọ́ńdè, mo gbọ́ ìró àwọn jíìpù bí wọ́n ṣe ń bọ̀, ti Kim Loi ló gbẹ̀yìn. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó kí Mariayee ní Akka, ẹ̀gbọ́n obìnrin, bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀ mi lọ. Àárọ̀ títí dé ọ̀sán ló fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní kí n na sípánà kékeré sí òun, mo nà án sí i.

Nígbà tí Mariayee gbé tíì kiri, Kim Loi dìde dúró nígbà tó kàn án. "Ẹ ṣé, Akka. Òùngbẹ ò gbẹ mí." Ó fọwọ́, ó dúró títí jíìpù mi fi gun òkè, bí òfin wa ṣe wí. Lẹ́yìn náà ló wa tirẹ̀ lọ. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi pẹ̀lú ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́, mo sunkún títí Mariayee fi wá pa ẹ́ńjìnì náà.