Omi Ọṣẹ Kọ́ Ló Pa Ẹ̀fọ́

Ìgbà kẹta tí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ Ìyá Ayọ̀kúnnúmi kọ̀ tí kò hù ni wọ́n dárúkọ Bàrákàt sí i. Ilé kan náà ni àwọn méjèèjì háyà ní Ojú Ọrẹ. Bàrákàt ń po ọṣẹ olómi tà, Ìyá Ayọ̀kúnnúmi sì ń gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ igi dógóyárò ńlá tí Bàbá Adérógbà, onílé wọn, ti gbìn tipẹ́.

Ìdí kànga ni Ìyá Ayọ̀kúnnúmi ti sọ ọ́, lójú gbogbo ayálégbé, pé omi tí Bàrákàt fi ń ṣan kẹ́ẹ̀gì ọṣẹ ló ń dà sórí ebè òun. Bàrákàt ní inú gọ́tà ni òun ń da omi òun sí, kí wọ́n lọ wò ó. Ẹnikẹ́ni kò lọ wò ó. Bàbá Adérógbà kò tilẹ̀ bi í léèrè; ó ní kí ó wá ilé mìíràn kí oṣù tó parí, òun kò fẹ́ aṣebi nínú ilé òun.

Aṣebi. Ọdún mẹ́sàn-án ni Bàrákàt ti ń gbé ilé yẹn. Nígbà tí ara Ayọ̀kúnnúmi kò yá, òun ló pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù. Ìyá ọmọ náà ló wá ń tutọ́ sílẹ̀ tó bá ti rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí inú ń bí i, ó rí Ìyá Ayọ̀kúnnúmi tó ń gbálẹ̀ ìdí dógóyárò. Obìnrin náà kó ewé tó gbá jọ, ó dà á sórí ebè bí ajílẹ̀, bó ti máa ń ṣe. Ìgbà yẹn ni Bàrákàt ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé koríko pàápàá kò hù dáadáa lábẹ́ igi yẹn. Ó rántí bàbá rẹ̀ ní Adó-Odò, tí kì í jẹ́ kí ewé dógóyárò sún mọ́ ibi tó bá da irúgbìn sí. Bàbá náà a ní oró wà nínú rẹ̀. Bí òjò bá ti fọ̀ ọ́ wọlẹ̀, irúgbìn tó wà nítòsí kì í rímú mí.

Ó bu yẹ̀pẹ̀ kan náà sínú abọ́ méjì, ó gbin tẹ̀tẹ̀ sí méjèèjì. Omi tó fi rẹ ewé dógóyárò ló ń bu sí ọ̀kan, omi kànga lásán ló ń bu sí èkejì. Ẹnu ọ̀nà Bàbá Adérógbà gan-an ló gbé wọn sí, ó sì sọ irú omi tó ń bu sí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un, kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun ṣe màgòmágó.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ẹ̀fọ́ ti kún abọ́ olómi kànga. Nínú èkejì, bíi méjì mẹ́ta péré ló yọjú, ewé wọn sì ti ń pọ́n.

Bàbá Adérógbà họ orí. Ó ní ó ti yé òun, kí Bàrákàt máa gbé ilé rẹ̀ lọ, kí ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀.

"Kò lè mọ síbẹ̀, Bàbá," ni Bàrákàt wí. "Ìdí kànga ni wọ́n ti pè mí ní aṣebi. Ìdí kànga náà ni kí ẹ ti sọ pé mi ò ṣe é."

Bàbá pe àwọn ayálégbé jọ sídìí kànga, ó ní Bàrákàt kọ́ ló ṣe é. Ìyá Ayọ̀kúnnúmi ń wolẹ̀, ó ní ewé ni, kì í ṣe ọṣẹ, ta ni ì bá sì mọ̀. Kò tọrọ àforíjì.

"Èmi mọ̀ pé mi ò ṣe é," ni Bàrákàt dáhùn, "mo sì sọ fún yín."

Nígbà tí oṣù parí, Bàrákàt ń kó ẹrù lọ sí ilé mìíràn ní Ìyànà Ìyèsí. Bàbá Adérógbà jáde, ó ní ṣebí òun kò lé e mọ́.

"Ẹ ò lé mi mọ́ lóòótọ́, Bàbá," ló wí, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì tó kẹ́yìn. "Èmi ni mò ń lọ."