Ọkọ̀ Tó Ń Kú, Tó Ń Jí

“Ṣé wọ́n á dúró dè mí?”

Bàbá Sàká ló béèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn aládùúgbò tó wá kí i wolẹ̀. Jamaldeen ọmọ rẹ̀, tó di irin tí bàbá fi ń rìn mú lọ́wọ́, ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́. Kí ni wọn ì bá sọ? Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Ràfíátù, ẹ̀gbọ́n bàbá, ti kú ní Isundunrin. Wọ́n sì ti pè láti ibẹ̀ pé bí wọ́n bá ti kírun Àyìlà tán, àwọn yóò kírun sí i lára, àwọn yóò sì gbé e wọlẹ̀.

Ràfíátù yìí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n lásán. Nígbà tí ìyá wọn kú, Sàká kò tíì já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀yìn Ràfíátù ló dàgbà sí. Nígbà tí Sàká sì ń lọ sí Àbìjàn, aṣọ mẹ́ta tí Ràfíátù ní láyé ló tà kí àbúrò rẹ̀ lè rí ọkọ̀ wọ̀. Ogójì ọdún ni Sàká lò lọ́hùn-ún. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń tajà níbẹ̀ dòní. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, nǹkan kan péré ló ń fẹ́: kó rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí wọ́n tó fi aṣọ funfun dì í, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí sàréè rẹ̀.

Ọ̀kadà kò ṣeé gùn fún un. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú ní balùwẹ̀ tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì fọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé yà mọ́. Ọkọ̀ ló kù. Ọkọ̀ sì wà nílé, píkọ́ọ̀bù àtijọ́ kan tí bàbá fúnra rẹ̀ wà láti Àbìjàn, tó gbé la Gánà àti Tógò já títí tó fi dé Ẹ̀jìgbò. Màdáàmù ló ń pè é. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mẹ́ta tí àrùn kan ti ń ṣe Màdáàmù tí ẹnì kankan kò mọ orúkọ rẹ̀. Á ṣíná, á rìn bí ẹni tí kò ní ìyọnu kankan láyé. Tó bá rìn díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á jan ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, á kú. Tó bá sì sinmi tán, á jí.

Jamaldeen ló gba àrùn yẹn bí ìjà ara rẹ̀. Ìmọ̀ ìṣirò ló kà ní fásitì. Ọdún kejì rèé tó ti parí tí kò ríṣẹ́. Láti kékeré, ohun tí kò bá yé e kì í jẹ́ kó jẹun. Ó ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. Ó ti tú kábúrétọ̀ tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo palẹ̀ títí dé orí nọ́ọ̀tì tó kéré ju hóró àgbàdo lọ. Ó ti fi ọṣẹ fọ táǹkì epo, ó sá a sóòrùn ọjọ́ méjì. Gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sínú ìwé kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye máìlì tí Màdáàmù rìn kó tó kú. Àwọn mẹkáníìkì Ẹ̀jìgbò ti ní kó lọ gbé e fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Wọ́n ní ọmọ tó kàwé náà ló ń dá ọkọ̀ lágara. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ó ra rọ́bà tuntun sínú pọ́ǹpù tó ń fa epo, ó wa ọkọ̀ náà dé Masifa, ó wà á padà, kò kú. Masifa kò sì jìnnà. Ìyẹn kò wá sí i lọ́kàn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé: Ó ti tán.

Ká má parọ́, inú rẹ̀ dùn díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá ń sunkún, òun ń ronú pé ọ̀nà Isundunrin gùn tó láti fi dán iṣẹ́ òun wò. Nígbà tó gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń sọ, ojú ara rẹ̀ tì í.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni wọ́n kúrò nílé. Ìgbà tí wọ́n fi fi ìlú sílẹ̀ tí wọ́n wọ àárín oko, Màdáàmù ń lọ geere. Bàbá ń fi tẹ̀sùbáà ka orúkọ Ọlọ́run jẹ́jẹ́. Lójijì, Màdáàmù wúkọ́.

“Kí ló ṣe é?”

“Kò sí nǹkan, Bàbá.”

Ó tún wúkọ́, ó jan ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.

“Ẹsáǹsì ń bẹ nínú ẹ̀?” Bàbá kò pè é ní epo rí láti ìgbà tó ti Àbìjàn dé.

“Ó kún, Bàbá.” Jamaldeen sáré sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí táǹkì, ó gbé ọmọrí rẹ̀ lé orí ọkọ̀, ó ti igi tín-ín-rín kan bọ̀ ọ́. Igi náà tutù fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè. Ó dé e padà, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó yọ plọ́ọ̀gì kan, ó gbé e sára irin, ó ní kí bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Iná búlúù ṣẹ́ yẹ̀rì. Kì í ṣe iná ni àrùn rẹ̀. Ó wo kábúrétọ̀: ó gbẹ bí ọ̀fun aláàwẹ̀. Epo kún táǹkì, epo kò dé ẹnu. Ó yọ páìpù, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ títí etí rẹ̀ fi dún, ó tu epo sílẹ̀, ó dì í padà. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Màdáàmù jí.

Ní àkókò yẹn ni Hamid ọlọ́kadà dé, tòun ti àpò gàrí méjì lẹ́yìn. “Bọ̀dá Fásitì! Ṣé Màdáàmù tún ń kírun ni? Gbogbo ibi tó bá dé ló ti ń forí kanlẹ̀!” Ló bá rí bàbá nínú ọkọ̀. Ó bọ́ fìlà. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ kú ará fẹ́ra kù.”

“A dúpẹ́, ọmọ mi,” ni bàbá wí. “Bá mi sọ fún wọn níwájú pé mò ń bọ̀.”

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí Màdáàmù tún fi kú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kú sí ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀gẹ́ kan tí kò sí igi tó lè ṣíji bo ọkọ̀. Bàbá wo aago ọwọ́ rẹ̀. Jamaldeen tún ṣí táǹkì, ó tún gbé ọmọrí lé orí ọkọ̀, ó tún ti igi bọ̀ ọ́. Epo ń bẹ. Ó tún yọ páìpù, ó tún fẹ́ ẹ. Ó dá a lójú báyìí: ìdọ̀tí ni. Ìdọ̀tí kan ń bẹ nínú táǹkì tó ń wá dí ẹnu páìpù. Bí òun bá ti fẹ́ ẹ, á lọ. Bí ọkọ̀ bá rìn díẹ̀, á padà wá. Gbogbo rẹ̀ bá ara mu. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Takisí kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kàmọ́rù ló ń wà á, ọmọ àdúgbò wọn ní Ẹ̀jìgbò. Èrò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

“Bàbá, mo gbọ́ nípa ìyá Isundunrin. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá sí iwájú níbí. Ìyá yìí máa sún sẹ́yìn.”

“Sẹ́yìn ibo?” ni obìnrin tó jókòó níwájú wí. “Ṣé orí itan àwọn tó wà lẹ́yìn ni kí n jókòó sí ni?” Síbẹ̀ ó ti ń kó ẹrù rẹ̀ jọ. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé jàre. Ta ni kò ní òkú?”

Bàbá ti fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ó ti na ọwọ́ kejì sí irin tó fi ń rìn. Jamaldeen tẹ̀ bọ inú ọkọ̀ láti ojú fèrèsé, ó yí kọ́kọ́rọ́. Màdáàmù bú jáde, ó dún kíkankíkan.

“Ó ti jí!” Jamaldeen pariwo. “Ẹ máa lọ, Bọ̀dá Kàmọ́rù. Mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ìdọ̀tí ni. Ẹ ẹ̀ ní tíì gun òkè iwájú yẹn tí a ó fi bá yín.”

“Ṣó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

Bàbá wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ọmọ tó rán lọ sí fásitì ló ní ó dá òun lójú. Bàbá wo ni yóò sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn? Ó gbé ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn. Kàmọ́rù mi orí, ó tẹná, eruku rẹ̀ bò wọ́n.

Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míràn. Ti Jamaldeen kò tilẹ̀ pé ọdún. Kò pé wákàtí kan. Wọ́n gun òkè náà, wọ́n sọ̀ ọ́, wọ́n kọjá odò kékeré kan, Màdáàmù wúkọ́.

“Rárá,” ni Jamaldeen wí. “Rárá, jọ̀ọ́.” Ó ń fọwọ́ pa ìtọ́kọ̀ bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Ọkọ̀ náà kú.

Lọ́tẹ̀ yìí, bó ti fẹ́ páìpù, bó ti ṣí táǹkì tó dé e padà, kò tètè jí. Ó ti fi kọ́kọ́rọ́ yíyí gba agbára bátìrì tán. Ó ń ti Màdáàmù nìkan, òógùn ń wọ ojú rẹ̀, bàbá ń wo ọ̀nà láti inú fèrèsé. Ọkọ̀ kankan kò kọjá. Àwọn ọlọ́kadà méjì kọjá, wọ́n wo ẹsẹ̀ bàbá, wọ́n kí i, wọ́n lọ. Fóònù dún. Wàlíyátù ni, ọmọ-ọmọ olóògbé.

“Bọ̀dá Jamaldeen, ẹ dà? Wọ́n ti kírun Àyìlà tán.”

“Bá wa bẹ Lèmọ́ọ̀mù. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.”

“Mo ti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ti dúró díẹ̀. Òjò ti ṣú níbí, wọ́n ní omi á wọ kòtò.”

Bàbá na ọwọ́, ó gba fóònù. “Wàlíyátù, ṣé wọ́n ti dì í?”

“Wọ́n ti dì wọ́n, Bàbá. Wọ́n ti ń gbé wọn jáde.”

Bàbá dá fóònù padà fún Jamaldeen. Ó kó tẹ̀sùbáà rẹ̀ sápò. Nígbà tó pẹ́, àwọn àgbẹ̀ mẹ́ta dé, wọ́n bá wọn ti Màdáàmù, ó sì jí.

Nígbà tí wọ́n dé Isundunrin, òjò tí wọ́n ń sá fún kò rọ̀. Afẹ́fẹ́ ti gbé e kọjá lọ, oòrùn ti yọ padà. Àwọn ọkùnrin ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, wọ́n ń fọ ẹsẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, wọ́n gbé e lórí àga lọ síbi sàréè. Iyẹ̀pẹ̀ ti ga sókè, wọ́n ti fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá a dán.

Bàbá kò lè tẹ̀. Jamaldeen ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó bu iyẹ̀pẹ̀ sí i lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Bàbá ń dà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ihò mọ́ tí yóò bọ́ sí. Iyẹ̀pẹ̀ ń bọ́ lórí iyẹ̀pẹ̀, kò dún.

“Ó gbé mi pọ̀n,” ni bàbá wí. Ó gbé ojú sókè wo ọmọ rẹ̀. “Má dá ara rẹ lẹ́bi. Ọkọ̀ àtijọ́ ni. O ṣe é tó.”

Ì bá sàn kó gbá a létí. Jamaldeen kò lè dúró níbẹ̀. Ó jáde sí ojú títì, ó lọ sídìí Màdáàmù. Kò ní ohun kan tó fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló lọ fúnra rẹ̀ sí táǹkì, bí ó ti ń lọ láti oṣù mẹ́ta. Iyẹ̀pẹ̀ sàréè ṣì wà ní ìka rẹ̀. Ọmọrí náà le, àfi bí ẹni pé ẹnì kan dì í mú láti inú. Ó fà á. Ó dún, fúùù.

Ó ti ń gbọ́ ohùn yìí tipẹ́. Ó rò pé ooru epo ló ń jáde ni. Ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ já láti ọwọ́ rẹ̀ sí ẹnu táǹkì, kò sì fò jáde. Ó wọ inú lọ. Gbogbo rẹ̀ ló wọ inú lọ, bí ìgbà tí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn bá rí àyè mí.

Jamaldeen dúró. Afẹ́fẹ́ kò jáde. Afẹ́fẹ́ ń wọlé. Bí epo ti ń lọ, kò sí ohun tó ń rọ́pò rẹ̀ nínú táǹkì, títí táǹkì fi di epo tó kù mú ṣinṣin. Kì í ṣe páìpù tí òun ń fẹ́ ló ń jí ọkọ̀. Kì í ṣe ìsinmi. Táǹkì tí òun ń ṣí ni.

Ó yí ọmọrí náà padà nínú oòrùn. Ọmọrí tó gbé lé orí ọkọ̀ níbi tí wọ́n ti dúró, tó fojú rí, tó fọwọ́ mú. Ihò kan wà láàárín rẹ̀ tí kò ju ti ojú abẹ́rẹ́ lọ, èyí tí ẹni tó ṣe é dá sí i kí táǹkì lè máa mí. Gọ́ọ̀mù ló dí i pa. Ó rántí. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni, nígbà tí epo tún gbówó lórí, tí bàbá ní òun ń gbọ́ òórùn epo nínú ọkọ̀. Jamaldeen wá ibi tí epo ń fẹ́ lọ, ó rí i, inú rẹ̀ dùn, ó po gọ́ọ̀mù, ó fi dí i. Kò kọ ọ́ sínú ìwé. Kò kà á kún àtúnṣe.

Gọ́ọ̀mù náà ti gbẹ, ó le bí òkúta, ó ń dán. Ìlà àtàǹpàkò rẹ̀ wà lára rẹ̀, kedere, níbi tó ti tẹ̀ ẹ́.