Ta Ló Máa Wọn Aránṣọ?

Kò sí ìyàwó tó wọ ṣọ́ọ̀bù Kíákíá tí kò gba ìmọ̀ràn lọ sílé, bó bèèrè, bí kò bèèrè. Pẹ̀lú píìnì lẹ́nu ló fi ń sọ ọ́.

"Jókòó nínú aṣọ yẹn kí n rí i. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìjókòó pọ̀ ju ìdúró lọ. Jẹun kó o tó wọ̀ ọ́, ẹni tí ebi ń pa kì í rẹ́rìn-ín dáadáa nínú fọ́tò. Má sì fún èèyàn méjì níṣẹ́ kan náà o. Kálukú á rò pé ẹnì kejì ti ṣe é, ẹ ò sì ní rí omi mu."

Wọn ò pè é ní Kíákíá lásán. Bó bá jókòó sídìí maṣíìnì, orúnkún rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bó bá dìde, á ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí ohun tó fẹ́ lọ mú. Lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó tirẹ̀ wàyí, oorun gan-an kọ̀ ọ́.

Aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ ò bá a mu. Iwájú gòkè bí aṣọ ọmọ tó ti dàgbà jù ú lọ. Ẹ̀yìn ń wọ́ nílẹ̀, ó sì ká jọ sí ìbàdí bíi pé ó gbé nǹkan pamọ́ síbẹ̀. Ó tú u, ó tún un rán, bákan náà ló rí.

Ara rẹ̀ ló wọ̀n fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń wọn ara rẹ̀ á tẹ̀ síwájú kó lè rí nọ́ńbà ara téèpù, bó bá sì ti tẹ̀, ẹ̀yìn ti gùn sí i, iwájú ti kúrú. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kíákíá náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá ti tú aṣọ tán, téèpù yẹn náà ló tún máa gbé, á sì tún tẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kọ́ ọ níṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ò sì jìnnà. Lọ́jọ́ tí Kíákíá sọ pé òun lòun máa rán aṣọ òun, ohun kan ni ẹ̀gbọ́n bèèrè.

"Ta ló máa wọ̀n ẹ́?"

"Mo lọ́wọ́ méjì, Àǹtí."

"Ó dáa. Kí ọwọ́ méjèèjì wá bá ẹ jó."

Látọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n ò yọjú mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ń bá a lọ báyìí, Sátidé ìgbéyàwó á dé, kò ní sí aṣọ, kò ní sí ẹ̀gbọ́n.

Kì í sì í ṣe agídí lásán. Bí iṣẹ́ Kíákíá bá ti dára, ohun tí àwọn oníbàárà máa ń bi í ni pé, "Ṣé ẹ̀gbọ́n yín ló gé e?" Ó fẹ́ wọ aṣọ kan tí ẹnikẹ́ni ò ní bèèrè bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀.

Káfíńtà tó fẹ́ fẹ́ ẹ yà lọ́sàn-án, ó bá a níbi tó ti ń tú òwú.

"Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀."

"Fi òwe sílẹ̀. Ta ló máa to àga?"

"Mo ní kí àbúrò mi tò ó. Mo tún sọ fún ọ̀rẹ́ mi, kó lè dájú."

Kíákíá gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Lọ gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹnì kan nínú wọn."

"Màá lọ, bí ìwọ náà bá máa lọ síbi tó yẹ kó o lọ. Látìgbà tí mo ti ń wọn pátákó, mi ò tíì rí èyí tó bá mi di téèpù mú."

Kíákíá ká aṣọ sínú báàgì. Ó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n, ó kọjá. Ó ṣẹ́rí padà, ó tún kọjá.

"Bàtà ẹ á jẹ tán," ẹ̀gbọ́n wí látinú ṣọ́ọ̀bù. "Wọlé."

Kíákíá kúnlẹ̀ kí i. Ẹ̀gbọ́n ò bèèrè nǹkan kan. "Wọ̀ ọ́."

Nígbà tó wọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n yí i po. "Ìyá arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn wo lo rán an fún?"

Kíákíá fọwọ́ fa iwájú aṣọ wálẹ̀.

"Ta ló gé ọrùn aṣọ yìí?"

"Èmi ni."

"Ó mọ́." Ó fọwọ́ kàn án. "Ó mọ́ dáadáa."

"Ẹ bá mi tún un ṣe, Àǹtí."

"Rárá. Píìnì nìkan ni tèmi. Ìwọ lo máa tú u, ìwọ lo máa rán an. Sọ ọwọ́ sílẹ̀. Wo iwájú."

Kíákíá wo iwájú. Àtẹ́lẹsẹ̀ ń yún un. Ó fẹ́ mọ ibi tí píìnì dé, ọrùn rẹ̀ sì ti ń tẹ̀.

"Orí," ẹ̀gbọ́n wí. Ó gbé e sókè. "Ẹsẹ̀." Ó dá a dúró.

"Àǹtí, ṣé ẹ máa wá ní Sátidé?"

Ẹ̀gbọ́n yọ píìnì tó kù lẹ́nu. "Bọ́tìnì ẹ̀yìn lo tò látòkè délẹ̀ yìí. Ta lo fẹ́ kó de gbogbo ẹ̀ fún ẹ?"

Kíákíá fẹ́ yíjú wò ó.

"Mo ní iwájú ni kó o wò."