Káún Yíyan

Eyín ló ń dun Ìyá Badmus, káún ló sì ní kí ìyàwó ọmọ òun bá òun fi sí i. Zulaykha, ọmọ Ìkàrẹ́ tí Badmus gbé níyàwó wá sí Ọ̀kà, fẹ́ ṣe é dáadáa ju bí wọ́n ṣe rán an lọ. Àṣejù ìyàwó tuntun! Ó rí i pé iyanrìn pọ̀ nínú káún ọ̀hún, ló bá dà á sínú agolo, ó gbé e ka iná, ó yan án títí ó fi funfun. Ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó fi omi díẹ̀ pò ó, ó sì fi dí ihò eyín ìyá ọkọ rẹ̀.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹnu Ìyá ti bó. Ètè wú, ọ̀rọ̀ kò ṣeé sọ mọ́. Ọsibítù tí wọ́n gbé e lọ ni Kafilat, ẹ̀gbọ́n Badmus, ti figbe ta.

"Ìyàwó yìí ti fún ìyá mi ní nǹkan jẹ o!"

"Wallahi, káún ni, Àǹtí mi. Káún tí ẹ fi ń se ẹ̀wà náà ni."

"Ta ni káún bó lẹ́nu rí?"

Zulaykha náà kò mọ̀. Ariwo Kafilat kọ́ ló bà á lẹ́rù. Kafilat a máa pariwo bí iyọ̀ bá pọ̀ lọ́bẹ̀. Badmus ni Zulaykha ń wò.  Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ni Badmus tẹjú mọ́, ẹ̀rù sì ba Zulaykha dé ọkàn.

Jesse, ọ̀rẹ́ Badmus tó jẹ́ tíṣà kẹ́místírì, ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí wọ́n gbé káún tó kù nínú agolo wá. Ó kán omi sí i, ó gbé e lé Badmus lọ́wọ́. Agolo tí kò sí lórí iná bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ṣé ẹ rí i? Sódíọ̀mù ló wà nínú káún. Omi àti irú afẹ́fẹ́ tó ń hó nínú mínírà ẹlẹ́rìndòdò sì wà nínú rẹ̀, àwọn ni kì í jẹ́ kó le jù. Iná tí ìyàwó yín fi yan án ló lé wọn jáde. Èyí tó ṣẹ́ kù yìí, ó ń jẹ ara. Kò sẹ́ni tó fi májèlé sí nǹkan kan."

"Èmi náà ò kúkú pè é ní májèlé," ni Kafilat wí. Ẹ gbọ́ irọ́! Ìyá tí kò lè sọ̀rọ̀ fọwọ́ pa Zulaykha lẹ́yìn. Gbogbo ilé ní ọ̀rọ̀ ti parí, Zulaykha sì sunkún ayọ̀.

Nígbà tí wọ́n padà délé, ó gúnyán, ó sì gbé e síwájú ọkọ rẹ̀. Badmus fọ ọwọ́, ó sì dúró.

"Jókòó, jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́."

Wọn kì í jọ jẹun. Inú Zulaykha dùn, ó jókòó, ó na ọwọ́ sí iyán, ó gé òkèlè, ó fi run ọbẹ̀, ó gbé e mì. Ìgbà náà ló rí i pé ọ̀fun òun ni Badmus ń wò. Ìgbà tí òkèlè náà lọ tán ni ọkùnrin náà tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ó dun Zulaykha wọ egungun. Ó tún gé òkèlè mìíràn, kí ọkọ rẹ̀ lè rí i dáadáa.