Ọ̀wẹ̀ tí Wọ́n Bá Ìlà Funfun Ṣe

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bínú sí bàbá mi, kí ó kọ́kọ́ bínú sí pátákó kan. Èmi ti ń bá pátákó náà bínú láti ọjọ́ yẹn, inú mi kò sì tíì rọ̀.

Etí odò Olókùúta ni pátákó náà wà, lára ahéré tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí, ní ọ̀nà tó ti Òkè-Ako lọ sí Ìkọ̀lé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà. Ìtì igi ni a fi ń sọdá odò náà tẹ́lẹ̀, bí òjò bá sì ti dé, omi a kó ìtì igi lọ, Òkè-Ako a di àhámọ́. Kòkó a máa bàjẹ́ lọ́wọ́ olóko. Aboyún tó ń rọbí a máa wo òdìkejì odò bí ẹni ń wo ọ̀run. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba gbé iṣẹ́ afárá fún agbaṣẹ́ṣe kan, kò sí ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn.

Ṣùáíbù, ọmọ Ùsì, ni agbaṣẹ́ṣe náà fi ṣe fọ́mánù. Iṣẹ́ afárá ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, èmi Nímọ́tà ni mo mú un pẹ́. Nígbà tí ó wá tọrọ mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá mi bi í.

“O ò ní gbé e kúrò l'ulé yìí?”

Bàbá mi ní ìdí. Ìyá wa ti kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì ti bá Kùmásì lọ, a kì í sì í gbọ́ ju “ẹ bá wa kí Bàbá” lọ lẹ́nu àwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀. Èmi àti Yáyà, àbúrò mi ọkùnrin, la kù lójú rẹ̀. Ṣùáíbù dọ̀bálẹ̀, ó ní bí afárá bá parí lásìkò, agbaṣẹ́ṣe ti ṣèlérí pé òun ni wọn yóò fi sílẹ̀ láti máa tọ́jú ọ̀nà náà, Òkè-Ako ni òun yóò sì máa gbé. Bí kò bá parí lásìkò ńkọ́? Wọn yóò gbé e lọ sí Sàpẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ní iṣẹ́ mìíràn nínú ẹrẹ̀, ibi tí ọkọ bá sì lọ ni aya ń lọ. Bàbá mi gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ó fi mí fún un, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, afárá yẹn di tirẹ̀ ju ti ìjọba lọ.

Ẹnjiníà Olúsọjí ló gbé pátákó dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀, Ìkọ̀lé ló ń gbé, iṣẹ́ tó ń bojú tó sì pọ̀ débi pé kò lè wà nídìí gbogbo wọn. Pátákó ló ń bá a wà níbẹ̀. Ó pín in sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́: ọ̀wọ́ ilẹ̀ gbígbẹ́, ọ̀wọ́ ògiri kọnkéré, ọ̀wọ́ yẹ̀pẹ̀ tí a óò dà sẹ́yìn ògiri, ọ̀wọ́ ojú afárá. Ìlà méjì ló wà lórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Pupa ń sọ ibi tí Ẹnjiníà pète pé kí iṣẹ́ dé. Funfun ń sọ ibi tí iṣẹ́ dé gan-an. Ní gbogbo Sátidé, kíláàkì kan tó ń jẹ́ Adékúnlé á fi ọ̀pá wọn iṣẹ́, á sì fa ìlà méjèèjì síwájú bó bá ṣe yẹ. Bí Ẹnjiníà bá dé, kò ní wo odò, kò ní wo ènìyàn. Pátákó ni yóò kọ́kọ́ kí.

Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi mọ pátákó náà kà, àní àwọn tí kò rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí. Ojú oko ni wọ́n fi wò ó. Bí a bá ń ṣe àáró, tí a tò tí a ń kọ ebè, tí ẹnì kan bá rẹ̀yìn, a kì í fi í sílẹ̀ kó dá ìtìjú jẹ. Ẹni tó bá parí poro tirẹ̀ á yí padà, á bá a kọ tirẹ̀, wọn á jọ dé òpin. Nítorí náà, àgbẹ̀ méjì tó wà lórí poro ni wọ́n pe ìlà méjèèjì. Pupa ni àlejò, Funfun ni tiwa. Àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà Ìpaò á dúró níbẹ̀, wọn á kígbe sí àwọn lébìrà:

“Ẹ kú uṣẹ́ o! Funfun ńkọ́?”

“Ó ń bọ̀ lẹ́yìn o!”

Ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà.

Ìgbà tí wọ́n mọ ògiri kọnkéré tó wà ní ìhà Òkè-Ako parí ni ẹ̀rín tán. Ọkọ mi sọ fún mi pé ògiri bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó kí a tó da yẹ̀pẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, pé bó ti wù kó le lójú, inú rẹ̀ kò tíì le, àti pé bí yẹ̀pẹ̀ bá tì í kó tó gbó, ojú odò ni yóò dà sí. Ó fi igi tì í láti ìhà odò, ó sì ń dúró. Ṣùgbọ́n pátákó kò ní ọ̀wọ́ kankan fún dídúró. Lójú pátákó, ẹni tó dúró àti ẹni tó sùn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Pupa ń lọ lórí ọ̀wọ́ yẹ̀pẹ̀, Funfun kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹnjiníà bá ránṣẹ́ láti Ìkọ̀lé pé bí Funfun kò bá bá Pupa kí oṣù tó parí, fọ́mánù mìíràn ń bọ̀.

Adékúnlé ni wọ́n rán, ẹnu rẹ̀ kì í sì í pa ọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé etí bàbá mi kí ọkọ mi tó wálé wá jẹun.

Sàká ni orúkọ bàbá mi, mọlémọlé ni. Bóyá ni ilé kan wà ní Òkè-Ako tí kò fẹsẹ̀ tẹ amọ̀ rẹ̀. Ó wọlé tọ̀ wá wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò jókòó.

“Àna mi, wọ́n ní Pupa ti fi ọ́ s'úlẹ̀.”

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. “Kò sí ewu, Bàbá. Ògiri ló ń sinmi. Mo ń lọ bá Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ l'Ìkọ̀lé ní Sátidé, n ó ṣàlàyé fún un.”

“Ògiri ń sinmi?” Bàbá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Mo ti ń mọ ulé kí wọ́n tó bí ọ. Ògiri kì í sinmi, gbígbẹ ló ń gbẹ. Bó bá sì ti gbẹ, uṣẹ́ yá.”

Mo wo ojú ọkọ mi. Mo fẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀ tán, tí yóò tún dìde kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀? Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.” Ìwà ọmọlúàbí ni. Mo ti bú ìwà ọmọlúàbí yẹn nínú ara mi títí ó fi sú mi.

Ìgbà tí bàbá mi ń lọ sílé, ó yà sídìí odò. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri náà, ó le bí òkúta, kò sì sí omi lára rẹ̀. Ìyẹn ló rí. Ògiri amọ̀ tó bá rí báyìí, òrùlé ló kù tí à ń gbé lé e.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ọkọ mi gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìkọ̀lé, èmi náà gbé gààrí lọ sí Ìpaò. Kò pẹ́ tí a lọ tí bàbá mi fi pe ọ̀wẹ̀. Kò sí ẹni tí kò jáde. Àwọn tó ń kírun jáde, àwọn ọmọ ìjọ jáde, kódà àwọn tí bàbá mi ń bá ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ gbé ṣọ́bìrì wá. Ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n wá jẹun, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè. Funfun rẹ̀yìn lórí poro, ìlú sì fẹ́ bá a kọ ọ́. Bí mo bá rántí bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ọkọ mi tó, ẹkún ń gbọ̀n mí.

Ìgbà tí mo ń bọ̀ láti ọjà ni mo gbọ́ orin wọn. Yẹ̀pẹ̀ ti ga lẹ́yìn ògiri ju orí ènìyàn lọ. Àwọn obìnrin ń pọn omi sí i, bàbá mi wà lókè pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, wọ́n ká ṣòkòtò sókè, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí a ti ń tẹ amọ̀ ilé. Nísàlẹ̀, ní ìhà odò, Yáyà ń yọ àwọn igi tí ọkọ mi fi ti ògiri. Ó ń tò wọ́n jọ dáadáa kí àna rẹ̀ lè bá wọn ní pípé.

Mo ju igbá mi sílẹ̀.

“Bàbá, ta ló ní kí ẹ ṣe é? Ó ní kó sinmi!”

“Ó ti gbẹ, Nímọ́tà. Mo fọwọ́ kàn án.” Inú rẹ̀ dùn débi pé kò tilẹ̀ bínú pé mo pariwo mọ́ òun. “Wá wo nǹkan. Adékúnlé, wọ̀n ọ́n!”

Adékúnlé wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀. Ó mọ̀ pé fọ́mánù kò sí nílé. Ṣùgbọ́n kí ó wọn iṣẹ́ ni wọ́n gbà á fún, wọn kò gbà á kí ó béèrè ẹni tó ṣe é. Ó ti ọ̀pá rẹ̀ bọ yẹ̀pẹ̀, ó ṣírò, ó lọ sídìí pátákó, ó sì fi ẹfun fa Funfun títí ó fi bá Pupa, tó sì kọjá rẹ̀ díẹ̀. Ìlú pariwo ayọ̀. Àwọn kan gbé ọwọ́ bàbá mi sókè.

Mo ti ń sáré lọ sísàlẹ̀, mo ń pe Yáyà. Ó gbójú sókè, ó rò pé mo ń bá wọn yọ̀, ó sì ju ọwọ́ sí mi. Ògiri náà kò ya. Ó kàn tẹ̀ síwájú bí àgbàlagbà tó fẹ́ kúnlẹ̀, omi àti yẹ̀pẹ̀ tì í lẹ́yìn, ó sì dà lé àbúrò mi lórí.

A wà á. Gbogbo ọwọ́ tó kó yẹ̀pẹ̀ dà síbẹ̀ ló tún ń kó o kúrò. Bàbá mi ń fi èékánná wà á, kò gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí a rí Yáyà, kò sí nǹkan tí a tún lè ṣe fún un.

A tẹ́ ẹ sórí àwọn igi tó tò, a fi ìborùn mi bò ó. Ibẹ̀ ni a wà nígbà tí ọkọ̀ Ẹnjiníà dé. Mo gbọ́ ohùn ọkọ mi kí n tó rí i. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà ti gbọ́ tirẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, òun ni kò rò ó dáadáa, ó sì ti gbé ọ̀dà bọ̀ láti kun ọ̀wọ́ tuntun sórí pátákó, ọ̀wọ́ tí yóò máa ka ìdúró ògiri mọ́ iṣẹ́. Agolo ọ̀dà náà wà lọ́wọ́ ọkọ mi nígbà tó sọ̀kalẹ̀. Ó wo odò, ó wo ògiri, ó wo ìborùn mi. Kò ju agolo náà nù. Ó rọra gbé e sílẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tó lè fọ́.

A sin Yáyà kí oòrùn tó wọ̀.

Agbaṣẹ́ṣe ní àfi kí ẹnì kan jẹ̀bi, fọ́mánù tí kò sí nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ló sì rọrùn jù láti dá lẹ́bi. Ẹnjiníà Olúsọjí kọ̀wé, ó bẹ̀bẹ̀, wọn kò gbọ́. Wọ́n ní kí ọkọ mi máa lọ sí Sàpẹ́lẹ̀, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bíi fọ́mánù mọ́. Ní Òkè-Ako, kò sí ẹnì kan tó dá bàbá mi lẹ́bi. Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá, wọ́n ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni, wọ́n ń pè é ní Bàbá bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìbá sàn fún un kí wọ́n bú u.

Ní òwúrọ̀ tí a ó lọ, mo wọlé tọ̀ ọ́. Yàrá Yáyà ló jókòó sí, ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà.

“Bàbá, bí ẹ bá ní kí n má lọ, n kò ní lọ. Ọkọ mi gbà bẹ́ẹ̀.”

“Máa lọ.”

“Bàbá.”

“Torí kí o má baà lọ ni mo ṣe pe gbogbo wọn jáde. Máa lọ, Nímọ́tà. Má jẹ̀ẹ́ kí n tún fọwọ́ mi di nǹkan kan mú.”

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó wá yíjú padà. Ojú rẹ̀ ti gbẹ, ó sì kéré.

“Ògiri ọ̀ún,” ó ní, “ọjọ́ mélòó ló kù fún un, kó tó lè gba yẹ̀pẹ̀?”

Mo mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi ti sọ ọ́ fún mi kí ó tó lọ sí Ìkọ̀lé. Kò ju kí wọ́n tún ná ọjà Ìpaò lẹ́ẹ̀kan sí i lọ, ọjọ́ díẹ̀ péré.

“Ó kù púpọ̀, Bàbá,” ni mo wí. “Òjò ìbá ti dé. Kò sẹ́ni tó lè dúró dè é.”

Ó mi orí. Ó ní, “Ó dáa,” ó sì tún kẹ̀yìn sí mi. Mo jáde, mo gbé ẹrù mi karí.