Oyin Ọjọ́ Ìkómọ

Ìyá ọkọ mi kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni àfi Ọlọ́run àti wòlíì ìjọ wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó sílé lọ́jọ́ tí àwọn dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún Dámilárá, ọmọ mi. Wọn ò gbọ́. Kí n tó wẹ̀ tán, wọ́n ti wọ sùtánà, wọ́n ti jókòó sínú Màrúwá ọkọ mi.

Ètè òkè Dámilárá ti là dé imú láti inú mi wá. Lọ́jọ́ ìkómọ, a ò lè fi oyin kàn án lẹ́nu, ẹ̀rù ń bà wá kó má baà há a lọ́fun. Màmá gbé oyin náà pamọ́. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá gbé ọmọ jáde ní àdúgbò wa n'Íbà, mo máa ń fi aṣọ bò ó lójú. Nígbà tí Bísọ́lá, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú kan, rí wa níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó ní àwọn yóò tún ètè náà ṣe láìgba kọ́bọ̀, ṣe ni mo bínú sí i. Nǹkan ọ̀fẹ́ wo ló wà l'Ékòó? Ṣùgbọ́n kò yéé wá, títí mo fi gbà.

Ìkìlọ̀ kan ni wọ́n fún wa: ọmọ ò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu, láti òru.

"Ààwẹ̀ ni?" Màmá bi mí. "Abọ́sẹ̀dé, mo mọ ààwẹ̀ dáadáa. Ọmọ ọwọ́ kì í gbààwẹ̀."

Nílé ìwòsàn, mo gbé ọmọ fún Màmá, mo lọ tọ̀. Nígbà tí mo padà, ẹnu ọmọ mi ń dán. Ìgò oyin ọjọ́ ìkómọ wà lọ́wọ́ Màmá.

"Màmá, kí lẹ ṣe yìí?"

"Wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gbé e sùn." Wọ́n di ìgò náà mọ́ àyà. "Tó bá sùn jìnnà ńkọ́? Orúkọ wo ni wọ́n máa fi pè é padà, nígbà tí kò tíì tọ́ oyin orúkọ rẹ̀ wò?"

Inú bí mi, àánú wọn sì ṣe mí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn dókítà ẹgbẹ́ aláàánú náà fẹ́ parí iṣẹ́ wọn, kí wọ́n sì máa lọ. Tí mo bá sọ òótọ́, wọ́n lè dá wa padà. Nọ́ọ̀sì sì ti dé láti gba ọmọ. Mi ò tíì lanu tí Màmá fi dìde.

"Nọ́ọ̀sì, mo fún un lóyin. Èmi ni, ẹ má bá ìyá rẹ̀ wí."

Nọ́ọ̀sì sáré pe dókítà. Màmá fi ṣóńṣó ìka han dókítà bí oyin náà ṣe kéré tó, wọ́n sì sọ ìbẹ̀rù wọn nípa orúkọ fún un.

"Màmá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀," ni dókítà wí. "Tó bá ti sùn, ohun tó wà níkùn lè gòkè, kó wọ ẹ̀dọ̀fóró. Oyin ò sì dáa fọ́mọ tí ò tíì pé ọdún kan rárá. A máa ṣe tiẹ̀ kẹ́yìn. Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Dámilárá," ni Màmá dáhùn.

"Orúkọ yẹn náà la máa fi jí i."

A dúró títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Màmá ò jókòó. Nígbà tí dókítà jáde, ó ń rẹ́rìn-ín: "A pè é lẹ́ẹ̀kan péré, ó lajú." Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún ayọ̀, Màmá ń fi etí sùtánà wọn nu ojú mi.

Lọ́jọ́ tí Dámilárá pé ọmọ ọdún kan, Màmá gbé ìgò oyin náà wá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn, wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ mi.

"Abọ́sẹ̀dé, ṣé kí n fún un?"

Mo ní kí wọ́n fún un. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, wọ́n fi ìka tí wọ́n rì bọ oyin sí i lẹ́nu. Ọmọ mi pa ètè méjèèjì dé mọ́ ìka náà, ó ń mu ún, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀.