Tíkẹ́ẹ̀tì Olówó Pọ́ọ́kú

Kí Àǹtí Áyọ́ọ̀nù tó lọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan tán, owó bàálù ti fò sókè. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ooru kúrò lójú fóònù tó gbé ti ike omi, ó tún un wò. Ẹni mẹ́rin, àlọ àti àbọ̀. Ohun tí wọ́n fi lé e láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn tó owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó pa ojú ewé náà dé, ó tún un ṣí. Iye náà kò yẹ̀.

"Aṣọ ń jóná," ni obìnrin tó ń ká aṣọ ìtẹ́bùsùn lódìkejì tábìlì wí.

Kò tíì jóná, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù. Ó gbé áyọ́ọ̀nù náà nílẹ̀ wéré. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ rèé nílé ìfọṣọ yìí, kò sì jó aṣọ oníbàárà kankan rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀, tí ọ̀gá wọn pàápàá kò rántí òmíràn mọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ mẹ́tàlélógún tó tún ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò gbé òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ méjèèjì lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ nílé, ara rẹ̀ nìkan ló ń wá síbi iṣẹ́.

Gbogbo ayé ló ti gbà á nímọ̀ràn. Ẹnì kan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kéèyàn máa rà á. Òmíràn ní ìdájí ló dára. Ẹnì kẹta búra pé béèyàn bá wo iye kan ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ, fóònù yóò lọ ta àwọn oníbàálù lólobó pé ojú ń kán an, wọn yóò sì gbówó lé e. Láti ìgbà náà ló ti ń yá fóònù onífóònù lò, bí ẹni tó ń pa aṣọ dà kó tó lọ nájà, kí ọlọ́jà má baà dá a mọ̀.

Bàbá rẹ̀ ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti rí ara wọn kẹ́yìn. Kò tíì fojú kan èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ náà rí, ọmọ ọdún mẹ́jọ sì nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n obìnrin tí Àǹtí Áyọ́ọ̀nù ní ló ń gbé pẹ̀lú bàbá. Bó bá ti pè, ohun kan náà ni ẹ̀gbọ́n máa ń wí: ara bàbá le, ó ń jẹun, ìrántí rẹ̀ ni kò já geere mọ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àǹtí Áyọ́ọ̀nù máa ń wí i fún ara rẹ̀ bó bá ń da omi sínú áyọ́ọ̀nù. Ohun tí òwe náà kò sọ ni iye tí onílé yóò fi wọkọ̀.

"Ṣé o ti dé ọ̀dọ̀ Onítáì?" ni aláṣọ ìtẹ́bùsùn bi í. "Ẹ̀gbẹ́ ilé búrẹ́dì. Òun ló bá àbúrò ọkọ mi wá tiẹ̀. Lọ nísinsìnyí, màá bá ẹ lọ ìyókù."

Ọ́fíìsì náà tóóró bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, àga méjì, àti ọkùnrin kan tó so táì mọ́rùn bí ẹni tó ń lọ jẹ́rìí nílé ẹjọ́.

"Ẹ jókòó, ma. Èèyàn mélòó?"

"Mẹ́rin. Ṣùgbọ́n owó wa ò pọ̀ o."

"Ẹni tówó ẹ̀ pọ̀ ò ní bá mi débí." Ó ń tẹ kọ̀ǹpútà bó ti ń sọ̀rọ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn. "Mo rí ọ̀kan. Ọjọ́ kọkànlá òní. Ẹ máa sọ̀ lọ́nà, ẹ máa dúró wákàtí mẹ́sàn-án kẹ́ ẹ tó wọ òmíràn. Àyè mẹ́rin péré ló kù."

Ó yí kọ̀ǹpútà sí i. Iye náà kò tó èyí tí wọ́n ti tù jọ. Díẹ̀ báyìí ni yóò ṣẹ́ kù. Àyà rẹ̀ já. Ó bi í léèrè bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́ ńkọ́. Ó bi í nípa ẹrù. Ó bi í bóyá àwọn ọmọ yóò rí ibi sùn sí ní gbogbo wákàtí mẹ́sàn-án yẹn. Onítáì dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú.

"Mo lè bá yín dì í mú di aago mẹ́rin," ló wá sọ. "Ẹ kó ìwé ìrìnnà gbogbo yín wá. Ẹ yẹ ọjọ́ inú wọn wò o. Ó gbọ́dọ̀ ṣì ku oṣù mẹ́fà kí ìwé náà tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọ bàálù."

Ó sáré lọ sílé. Abẹ́ àpótí aṣọ òtútù ni wọ́n kó àwọn ìwé náà sí, nínú àpò ike kan tí wọ́n so lẹ́ẹ̀mejì. Tirẹ̀ dára. Ti àwọn ọmọ dára. Ó ṣí ti ọkọ rẹ̀, ó ka ọjọ́ inú rẹ̀, ó fi ìka kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Oṣù mẹ́rin ló kù.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín yàrá, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe ọkọ rẹ̀.

Táìsì ilẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń tẹ́, nílé ńlá kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Ariwo ẹ̀rọ tó ń gé táìsì ló kọ́kọ́ gbé fóònù náà kó tó dákẹ́.

"Ìwé tèmi?" ni ọkọ wí nígbà tó gbọ́ ọ tán. "Ah. Kò sọ́gbọ́n tá a lè dá sí i. Tuntun ò lè jáde kó tó pé oṣù méjì. Ẹ̀yin mẹ́ta, ẹ máa lọ."

"Mi ò lè dá lọ."

"Kí ló dé?"

"Ẹrù. Àwọn ọmọ. Wákàtí mẹ́sàn-án."

Ó gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ti ń gbọn eruku táìsì kúrò lára aṣọ.

"Ìyá àwọn ọmọ, èyí tá a rí lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Owó wa ká a, o ní ìdúró ẹ̀ ti pọ̀ jù. Èyí tá a rí lẹ́yìn ẹ̀, o ní ẹrù tí wọ́n gbà kéré. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́. Èmi sì rèé, mi ò tíì kú."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àǹtí Áyọ́ọ̀nù kò rí i rín. Ó ní òun ń bọ̀, ó pa fóònù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kù tó yẹ kó gbọ́. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n tó gbé e: ìwé ọkọ òun ni, kò sóhun tẹ́nì kan lè ṣe sí i, ó di ìgbà ìsinmi iléèwé, bí owó kò bá tíì di ìlọ́po méjì nígbà náà. Bí ó bá ti di bẹ́ẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ó rò ó já.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ ẹ." Ohùn ẹ̀gbọ́n ti rẹlẹ̀. "Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí bàbá ti ń fi orúkọ ìyá wa pè mí. Mi ò fẹ́ kí ọkàn ẹ dàrú ni mi ò ṣe sọ fún ẹ. Bá a sọ̀rọ̀." Ó gbọ́ tó yí ẹnu kúrò lára fóònù. "Bàbá, ẹ gbà. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ni."

"Ẹ káàsán, ma," ni bàbá wí.

Àǹtí Áyọ́ọ̀nù di fóònù mú ṣinṣin. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, bàbá kò pè é ní "ẹ" rí. "Ìwọ" ni. "Ìwọ" ni lọ́jọ́ tó ṣègbéyàwó, "ìwọ" náà ni lọ́jọ́ tó bímọ.

"Bàbá, èmi ni."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ̀ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì." Ohùn rẹ̀ mọ́ geere, ohùn ẹni tó ti jókòó dáadáa kó tó bẹ̀bẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ma. Ọmọ mi obìnrin kan wà, àbíkẹ́yìn mi. Ó fẹ́ wá wò mí. Owó ni ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, kì í ṣe pé kò fẹ́ wá. Ẹ bá mi dín in kù fún un."

Ó la ẹnu láti tún wí pé òun ni.

"A ó bá a dín in kù, sà."

"Ẹ ṣeun. Àwọn ọmọ ẹ̀ ńkọ́? Ẹ ò ní gbowó àgbà lọ́wọ́ wọn? Ọmọdé ni wọ́n o."

"A ò ní gba ti àgbà."

"Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ẹ má sọ fún un pé mo bẹ̀ yín. Ojú á tì í."

"Mi ò ní sọ, sà."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n gba fóònù padà, kò béèrè ohun tí wọ́n jọ sọ. Ó kàn ní, "Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ló wọ ọ́fíìsì Onítáì, ìwé ìrìnnà mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn lójú rẹ̀. Ó ní àwọn ti di mẹ́ta. Onítáì tú èyí tó ti dì mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó lákọ̀tun. Ó dúró, ó fọwọ́ ra táì rẹ̀.

"Ó ti yí padà díẹ̀, ma. Bí mo ti tú u báyìí, àyè méjì ló ṣẹ́ kù ní iye àárọ̀. Ẹnì kẹta á san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá lè fara balẹ̀ di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣeé ṣe kó wálẹ̀."

"Ẹ bá mi rà á."

"Ẹ ò tíì gbọ́ iye tó jẹ́."

"Ẹ rà á, ẹ jọ̀ọ́."

Ó na káàdì ìfowópamọ́ rẹ̀ sí i. Onítáì tẹ ohun tó ń tẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kùn, ó dákẹ́ bí ẹni pé yóò kọ̀, lẹ́yìn náà ló wá tú ewé mẹ́ta síta. Onítáì fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan fún un pé kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kà wọ́n. Orúkọ rẹ̀ gùn lórí ìwé náà. Ó ti pẹ́ tó ti rí i ní odindi.

Níta, òórùn búrẹ́dì gba gbogbo ojú ọ̀nà. Ẹnu iṣẹ́ ló yẹ kó gbà lọ kíákíá, ṣùgbọ́n ó dúró létí ògiri, ó di àwọn ìwé náà mọ́ àyà. Ẹ̀rù ṣì ń bà á. Ó ń rántí àwọn òwúrọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, bí àyà rẹ̀ ṣe máa ń já bí iye náà bá ti gbéra. Ó sì rántí, fún ìgbà àkọ́kọ́, pé lẹ́yìn tí àyà bá já tán, ara rẹ̀ a máa tù ú pé ìrìn àjò náà tún ti yẹ̀. Ojoojúmọ́ ni. Kò jẹ́ kí etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ rí.

Ní ọjọ́ kọkànlá òní, bàbá yóò ṣílẹ̀kùn, yóò wo òun àti ọmọ méjì lẹ́yìn òun. Ó ṣeé ṣe kó sọ pé, "Ẹ káàbọ̀, ma."

Òun yóò sì wọlé.